Fótò tó wà lábẹ́ Drive: ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní ilé iṣẹ́ ayàwòrán ní Àkúrẹ́

Ẹ̀sùn

Ilé iṣẹ́ ayàwòrán kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọjáde àti ìwúyè ni wọ́n ń yà jù. Wọ́n tún máa ń kó àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ sí Òkè Ìdànrè láti ya fótò kí ọjọ́ ìnáwó tó pé. Irú fótò bẹ́ẹ̀ ló di àwátì. Tọkọtìyàwó náà ti sanwó tán, wọ́n ti padà sí Èkó, wọ́n sì ń pe ṣọ́ọ̀bù lemọ́lemọ́. Mẹ́mọ́rì káàdì tí wọ́n fi yà á kò ní í mọ́, nítorí wọ́n ti nù ún, wọ́n ti fi ya ìsìnkú kan lé e lórí.

Màmá tó ni ilé iṣẹ́ náà ló pè mí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, íńtánẹ́ẹ̀tì ti gbé fótò oníbàárà mi mì o. Díìsìkì kọ̀ǹpútà yẹn náà tún ti kún, bẹ́ẹ̀ a kì í kó nǹkan sí i, òkè la ń kó gbogbo ẹ̀ lọ.”

Gbólóhùn kejì yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Kọ̀ǹpútà tí wọn kì í kó nǹkan sí kò lè ṣàdédé kún. Bó bá kún, a jẹ́ pé ẹnì kan ń kó nǹkan sínú rẹ̀ láìmọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń wá gan-an ló kún inú rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má pa ohunkóhun rẹ́ títí màá fi dé.

Bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ náà

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ni, Ubuntu, tó jẹ́ irú Linux kan, ló wà lórí rẹ̀ dípò Windows, díìsìkì rẹ̀ jẹ́ 240 GB. Google Drive, ibi ìpamọ́ Google lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń kó fótò sí; òun ni “òkè” tí Màmá ń sọ. Ọ̀fẹ́ ibẹ̀ jẹ́ 15 GB, Gmail àti Google Photos sì jọ ń pín in. Ìgbéyàwó ńlá kan ṣoṣo lè jẹ ìyẹn tán, nítorí náà wọ́n ń san owó 2 TB.

Google kò ṣe ètò Drive fún Linux. Ẹni tó to ẹ̀rọ náà fún wọn wá lo rclone, ètò ọ̀fẹ́ tí Nick Craig-Wood bẹ̀rẹ̀, tó lè bá Drive, Dropbox, OneDrive, Amazon S3 àti ọ̀pọ̀ ibi ìpamọ́ mìíràn sọ̀rọ̀ láti ojú terminal, ìyẹn ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ rclone ni pé ó lè so ibi ìpamọ́ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ fódà kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí gbogbo ètò tó kù máa rí i bíi fódà lásán. FUSE, apá Linux tó ń jẹ́ kí ètò lásán lè ṣe bíi díìsìkì, ló jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe, ó sì ti wà nínú Linux láti ẹ̀yà 2.6.14 ní ọdún 2005. Bí ètò kan bá fẹ́ ka fáìlì nínú fódà náà, kernel, ìyẹn ọkàn Linux, kò ní lọ bá díìsìkì. Rclone ni yóò bi, rclone yóò bi Drive, yóò sì mú èsì wá.

Ìlà tí mo bá nínú fáìlì `so-drive.sh` nìyí:

`rclone mount gdrive: /home/studio/Aworan --vfs-cache-mode writes --allow-non-empty --daemon`

`gdrive:` ni orúkọ tí wọ́n fún Drive nígbà tí wọ́n ṣe `rclone config`. `--vfs-cache-mode writes` ní kí fáìlì tí wọ́n bá kọ kọ́kọ́ dúró lórí díìsìkì kó tó gòkè, `--daemon` sì ní kí rclone máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí terminal bá ti pa dé. Méjèèjì yìí kò burú. Èyí tí ọkàn mi kò gbà ni `--allow-non-empty`, tó ń sọ fún rclone pé bí nǹkan bá tilẹ̀ wà nínú fódà náà tẹ́lẹ̀, kó gbé Drive lé e lórí bẹ́ẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, àṣẹ yẹn léwu gan-an.

Mo tún rí i pé kò sí ohunkóhun tó ń pe `so-drive.sh` fúnra rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ wá tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ọmọ iṣẹ́ sọ

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló máa ń kó fótò láti inú káàdì sínú fódà Aworan. Ẹ̀rù ti ń bà á kí n tó dé, torí wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án pé òun ló nù ún. Mo jókòó tì í, mo ní kó kàn sọ bó ṣe ń ṣe é láti àárọ̀ fún mi.

Ó ní, “Bọ̀dá, nígbà mìíràn tí mo bá ṣí fódà yẹn, ó máa ń kọ ‘Input/output error’. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, mo máa ń pa kọ̀ǹpútà ni, màá tún un tàn. Ó máa ń ṣiṣẹ́ padà.”

Mo bi í bóyá àwọn fótò àtijọ́ máa ń wà níbẹ̀ tó bá ṣiṣẹ́ padà. Ó ronú díẹ̀. Ó ní rárá, ó máa ń ṣófo, òun rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò tíì kó wọn wá. Òun á wá kó tuntun sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹni tó to ẹ̀rọ náà á wá tún un ṣe, àwọn àtijọ́ á yọjú.

Mo ní, “Àwọn tuntun tí o kó sí i ńkọ́?”

Ó ní òun rò pé wọ́n ti gòkè ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti yé mi, mo sì fẹ́ kọ ọ́ síbí gbangba pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Fódà Aworan wà lórí tábìlì, orúkọ rẹ̀ kò yí, ó ń gba fáìlì, kò sí àmì kankan tó sọ fún un pé Drive kò sí níbẹ̀ mọ́. Fódà tí a so Drive mọ́ àti fódà tí ìso rẹ̀ ti já kò yàtọ̀ sí ara wọn lójú ẹni tó ń lò ó. Ó kó fótò sínú fódà lásán tó wà lórí díìsìkì. Lẹ́yìn náà ẹnì kan wá, ó tẹ `so-drive.sh`, Drive sì bo fódà náà mọ́lẹ̀ tòun ti fótò inú rẹ̀. Ẹni tó tẹ́ ẹní lé owó tó wà nílẹ̀ kò jí owó náà, àmọ́ ẹni tó bá wọlé kò ní rí i.

Àyẹ̀wò

Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tó wà lórí fódà náà ní àkókò yẹn gan-an:

`findmnt -T /home/studio/Aworan`

Ó dáhùn `fuse.rclone`, ìyẹn ni pé Drive wà lórí rẹ̀. Ká ní ìso náà ti já ni, orúkọ díìsìkì àti `ext4`, irú ètò tí díìsìkì náà fi ń to fáìlì, ni ì bá gbé jáde.

Mo wá wo díìsìkì láti ọ̀nà méjì:

`df -h /`
`sudo du -xsh /`

`df` ń béèrè lọ́wọ́ díìsìkì fúnra rẹ̀ pé ìwọ̀n wo lo ti lò. `du` ń rìn láti fódà dé fódà, ó ń ro ohun tó bá rí pọ̀, `-x` sì ń dá a dúró kó má baà wọ inú Drive lọ. Ó yẹ kí ìṣirò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn mu. `df` ní díìsìkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún bámú. Ohun tí `du` rí kò tó ìdajì rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó tó báyìí máa ń túmọ̀ sí ọ̀kan nínú nǹkan méjì: fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ tí ètò kan ṣì dì mú, tàbí fáìlì tí nǹkan bò mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kọ̀ǹpútà náà tí wọ́n tún un tàn ni, nítorí náà ti àkọ́kọ́ kò lè jẹ́ òun.

Mo lè já Drive kúrò kí n wo abẹ́ rẹ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹlòmíràn ń to álíbọ́ọ̀mù ìsìnkú kan láti inú fódà kan náà lọ́wọ́. Ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè wo abẹ́ láìfọwọ́ kan òkè:

`sudo mkdir /mnt/abe`
`sudo mount --bind / /mnt/abe`
`ls /mnt/abe/home/studio/Aworan`

`--bind` ń fi díìsìkì kan náà hàn ní ojúlé mìíràn, kì í sì í kó ohun tí wọ́n so mọ́ ọn dání. Nítorí náà, fódà Aworan tó hàn ní `/mnt/abe` ni fódà gidi, tí kò sí Drive lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé `/home` ní ìpín tirẹ̀ lórí díìsìkì yín, `/home` ni kí ẹ fi rọ́pò `/` nínú ìlà kejì, ẹ ó sì rí fódà náà ní `/mnt/abe/studio/Aworan`.

Fótò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Òkè Ìdànrè wà níbẹ̀, aṣọ òkè ìyàwó wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ àwọn oníbàárà mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ó sọnù. Mo pe Màmá wá wò ó. Wọ́n jókòó sórí àga oníbàárà, wọ́n pe ọmọ iṣẹ́ wọn mọ́ra, wọ́n ní kó má bínú.

Ibi kejì tí fótò wà

Kí wọ́n tó pè mí, ẹnì kan ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n nu `~/.cache`, fódà tí ètò máa ń kó nǹkan ìgbà díẹ̀ sí, kí díìsìkì lè fúyẹ́. Mo dúpẹ́ pé wọn kò tíì ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá kọ fáìlì sínú Drive pẹ̀lú `--vfs-cache-mode writes`, inú `~/.cache/rclone/vfs` ló kọ́kọ́ ń dé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa fáìlì náà dé, rclone á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e gòkè. Bí iná bá lọ láàárín kan, fáìlì náà á ṣì wà nínú cache, rclone á sì gbé e lọ nígbà mìíràn tí wọ́n bá pè é pẹ̀lú àṣẹ kan náà. Ẹni tó bá nu cache yẹn ti nu fótò tí kò sí níbòmíràn láyé. Díẹ̀ nínú fótò Ìdànrè ṣì ń dúró níbẹ̀. A fi ẹ̀rọ sílẹ̀ títí gbogbo wọn fi gòkè kí a tó yí ohunkóhun padà nínú àṣẹ náà.

Bí a ṣe kó wọn jáde

N kò kó fótò abẹ́ lọ tààrà sínú fódà tó wà lókè. Kámẹ́rà máa ń sọ fótò ní `DSC_0001`, `DSC_0002`, tó bá dé 9999 á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Fótò ìsìnkú lè jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú fótò ìgbéyàwó, `rclone copy` á sì kọ ọ̀kan lé èkejì. Fódà tuntun ni mo kó wọn sí:

`rclone copy /mnt/abe/home/studio/Aworan gdrive:Ti-Abe --progress --bwlimit "08:00,512k 19:00,off"`

Apá tó gbẹ̀yìn ní kí rclone má kọjá 512 KiB ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ṣọ́ọ̀bù lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò, tó bá wá di aago méje alẹ́ kó sáré bó ṣe wù ú. Iná já a nígbà tó ń lọ. A tún `mount --bind` ṣe, torí kì í dúró bí kọ̀ǹpútà bá kú, a sì tún àṣẹ náà pè, torí rclone kì í tún fáìlì tó ti dé òkè gbé.

Nígbà tó parí:

`rclone check /mnt/abe/home/studio/Aworan gdrive:Ti-Abe`

Drive ń tọ́jú MD5 fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì kan tí wọ́n ṣírò láti inú fáìlì náà, nítorí náà rclone lè fi ti òkè wé ti ilẹ̀ láìtún gbé fótò sọ̀kalẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ìgbà yẹn ni mo tó nu ti ilẹ̀, láti ọ̀nà `/mnt/abe` nìkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ níbí: tí ẹ bá tẹ `rm` sí `/home/studio/Aworan` nígbà tí Drive ṣì wà lórí rẹ̀, fótò òkè lẹ ń pa rẹ́ yẹn. Pàǹtí Drive á tọ́jú wọn fún 30 ọjọ́, lẹ́yìn náà wọ́n lọ.

Ìdí tó fi ń já ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀

Iná tó ń lọ kò lè ṣàlàyé “Input/output error”. Tí iná bá lọ, ìso náà á já pátápátá, kò ní máa kọ àṣìṣe. Mo béèrè ìgbà tó máa ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ kan. Mo yẹ àkọsílẹ̀ rclone wò, mo bá `invalid_grant` níbẹ̀, ìyẹn ni pé Google kò gba àṣẹ ìwọlé rclone mọ́, pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe `rclone config reconnect gdrive:` láti gba òmíràn.

Rclone ní client ID kan, ìyẹn orúkọ tí Google fi ń dá ètò mọ̀, tí gbogbo ayé jọ ń lò láti bá Drive sọ̀rọ̀. Nítorí pé èrò pọ̀ lórí rẹ̀, ó máa ń fà, àwọn tó ṣe rclone fúnra wọn sì gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó forúkọ app tirẹ̀ sílẹ̀ ní Google Cloud Console, ojú ìwé tí Google ti ń fún ètò láyè, kó sì gba ID tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó to ẹ̀rọ yìí ṣe bẹ́ẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ó fi app náà sílẹ̀ ní “Testing”. Òfin Google ni pé token, ìyẹn àṣẹ ìwọlé, app tó wà ní ipò yẹn kì í lò ju 7 ọjọ́ lọ. Ní ọjọ́ keje, Drive á ti ilẹ̀kùn mọ́ rclone, ìso náà á ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ á di àṣìṣe. Ọmọ iṣẹ́ á pa kọ̀ǹpútà, á tún un tàn, àṣìṣe á lọ, Drive náà á sì lọ. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹni náà bá wá ṣe reconnect tó sì so ó padà, ó tún bo fótò ọjọ́ mélòó kan mọ́lẹ̀.

A wọ inú Console, a tẹ “Publish app”, a wá ṣe reconnect. Google máa ń fi ìkìlọ̀ hàn pé òun kò tíì yẹ app náà wò, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń fi app ara rẹ̀ ṣí Drive ara rẹ̀, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́.

Bí fódà náà ṣe ń kọ̀ báyìí

Token tó wà pẹ́ kò tó fún mi. Iná á ṣì máa lọ ní Àkúrẹ́. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé bí Drive kò bá sí lórí Aworan, kí Aworan kọ̀ láti gba fáìlì, kí ẹni tó ń kó o sí i mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo já ìso náà, mo rí i dájú pé fódà ṣófo, mo sì tì í:

`fusermount -u /home/studio/Aworan`
`sudo chattr +i /home/studio/Aworan`

`+i` kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì kún fódà gidi náà, títí kan root, ọ̀gá àgbà orí kọ̀ǹpútà Linux. Bí Drive bá ti wà lórí rẹ̀, fódà Drive ni èèyàn ń kọ nǹkan sí, títì yẹn kò sì kàn án. Ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú rẹ̀: `fusermount` kì í gbà kí ẹni tí kì í ṣe root so nǹkan mọ́ fódà tí kò lè kọ nǹkan sí. Nítorí náà root ló gbọ́dọ̀ máa pe rclone, mo sì gbé iṣẹ́ náà fún systemd, ètò tó ń pe àwọn ètò mìíràn nígbà tí Ubuntu bá tàn, nínú `/etc/systemd/system/drive.service`:

```
[Unit]
Description=Drive ile ise
Wants=network-online.target
After=network-online.target

[Service]
Type=notify
ExecStart=/usr/bin/rclone mount gdrive: /home/studio/Aworan \
  --config /home/studio/.config/rclone/rclone.conf \
  --cache-dir /home/studio/.cache/rclone \
  --vfs-cache-mode full --vfs-cache-max-size 40G \
  --allow-other --uid 1000 --gid 1000
ExecStop=/bin/fusermount -u /home/studio/Aworan
Restart=on-failure
RestartSec=30

[Install]
WantedBy=multi-user.target
```

`--config` wà níbẹ̀ torí pé root kò ní rí `rclone.conf` tó wà nílé ẹlòmíràn bí wọn kò bá júwe rẹ̀ fún un. `--allow-other`, `--uid` àti `--gid` ló jẹ́ kí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà lè ṣí ohun tí root so. `Restart` ṣe pàtàkì gan-an níbí: kọ̀ǹpútà máa ń tàn kí rọ́tà tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, rclone á kùnà, systemd á sì tún un pè lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30. `--daemon` àti `--allow-non-empty` ti kúrò. Lẹ́yìn náà ni `sudo systemctl enable --now drive`.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó pa kọ̀ǹpútà, kó tún un tàn, kó wá gbìyànjú láti kó fótò sí Aworan. Kọ̀ǹpútà kọ̀ fún un: “Operation not permitted”. Ó wò mí. Mo ní ohun tí mo ń wá nìyẹn. Ó ki wáyà padà, kò pẹ́ tí àwọn fótò àtijọ́ fi yọjú, ó tún un kó, ó sì wọlé.

Ohun tí mo bá Màmá sọ

Mo gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má máa ṣe àtúnṣe fótò tààrà lórí Drive mọ́. Ìso yìí dára fún wíwá iṣẹ́ àtijọ́ àti fífi han oníbàárà. Fótò tó ń ti inú káàdì bọ̀ wúwo, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò sì ṣeé gbọ́kàn lé tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kó o sórí díìsìkì àti sórí díìsìkì alágbèéká kan, kí `rclone copy` gbé e gòkè lóru. Màmá kò fẹ́ ra díìsìkì mìíràn lásìkò yìí, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi lórí owó tó wà lóde. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nu káàdì títí `rclone check` yóò fi sọ pé òun kò rí ìyàtọ̀.

Fótò inú Ti-Abe dàpọ̀ mọ́ra, ìgbéyàwó wà pẹ̀lú ìsìnkú. A gbé wọn sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a fi exiftool pín wọn sí fódà ọjọ́ọjọ́ láti inú ọjọ́ tí kámẹ́rà kọ sára fótò kọ̀ọ̀kan:

`exiftool '-Directory<DateTimeOriginal' -d '%Y-%m-%d' .`

Níbi tí a ti ń pín wọn la ti rí i pé díẹ̀ nínú fótò Ìdànrè kò pé. Òkè wọn hàn, ìsàlẹ̀ wọn sì dúdú rú, torí iná lọ nígbà tí wọ́n ń kó wọn láti inú káàdì. `rclone check` kò lè rí ìyẹn, ó kàn mọ̀ pé ẹ̀dà òkè bá ti ilẹ̀ mu ni. Kò sí bí a ṣe lè gbà wọ́n padà, ìsìnkú ti wà lórí káàdì náà. Màmá pe tọkọtìyàwó náà fúnra wọn, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n fi àwọn tó pé ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n sì ti jọ ṣàdéhùn pé tí wọ́n bá wálé fún ọdún Kérésì, ilé iṣẹ́ á tún àwọn tó kù yà lọ́fẹ̀ẹ́.